Àwo Kejì Tí Kì í Ṣe Ìkejì

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọdún 2023, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan mú àbá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi. Ó fẹ́ ṣe lámèyítọ́ àwo kejì tí Àṣàkẹ́ gbé jáde ní ọdún náà, èyí tí olórin náà pe orúkọ rẹ̀ ní Work of Art. Ó ṣàlàyé fún mi bí Àṣàkẹ́ ṣe po fújì pọ̀ mọ́ àmàpíánò ti ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, àti bí ó ṣe jẹ́ pé èdè Yorùbá ni okùn tí ó fi so wọ́n pọ̀. Mo gbọ́ ọ délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un pé kí ó lọ wá orí-ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí pé orin tí kò tíì pé ọdún kan nígboro kò tíì di ohun tí onímọ̀ ń dá sí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó kúnlẹ̀, ó sì jáde. Mo rò pé mo ti ṣe ojúṣe mi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Lẹ́yìn oṣù kan sí ìgbà náà ni mo lọ sí ilé ní Ìdànrè. Òrùlé ilé bàbá mi ní Òdòde ń jò, a sì ní láti kó ẹrù inú yàrá kúrò kí káfíńtà tó gòkè. Nínú àpótí kan ni mo ti bá àwọn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ pàdé. Méjì nínú wọn jẹ́ ti King Sunny Adé. Ọ̀kan ni Synchro System Movement, tí ó jáde nílé ní ọdún 1976. Èkejì ni Synchro System, tí ilé-iṣẹ́ Island gbé jáde ní òkè òkun ní ọdún 1983. Bí mo ti gbé méjèèjì lé orí itan ni ìbéèrè kan tí mo gbọ́ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá padà wá sí etí mi. Ìbéèrè náà ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìdájọ́ tí mo dá fún akẹ́kọ̀ọ́ mi kò tọ́. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ àròkọ yìí.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn orin Áfíríkà bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní òkè òkun yóò rí i pé àwo kejì ni wọ́n ń pe Synchro System. Juju Music, tí ó jáde ní ọdún 1982, ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́. Bí a bá ń ka àwo tí Island gbé jáde nìkan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè pé, ìkejì lójú ta ni?

Ọmọ ọba Oǹdó ni Sunday Adéníyì Adégẹyè, Òṣogbo ni wọ́n sì ti bí i ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1946. Nígbà tí ó dé Èkó, ẹgbẹ́ olórin háílàìfù ti Moses Ọláìyá ni ó kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, ìyẹn Moses Ọláìyá kan náà tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá nígbà tí ó di aláwàdà. Ní ọdún 1967 ni Sunny dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó pè é ní Green Spots. Nígbà tí ó yá, ó yí orúkọ náà padà sí African Beats. Orin tí ó kọ nípa ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Challenge Cup gba ìgboro kan. Ó bá ilé-iṣẹ́ African Songs ṣiṣẹ́ títí ìjà fi dé lórí ọ̀rọ̀ owó, tí ẹjọ́ sì dé kóòtù, kí ó tó di pé ó dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1982, tí àwọn òyìnbó ń ka ení, àwo ńláńlá tí ó ti gbé jáde nílé ti ju ogún lọ dáadáa. Orúkọ náà gan-an, Synchro System, ti wà lára àwo nílé fún ọdún méje kí Island tó kọ ọ́ sí ara tiwọn. Àwọn orin kan nínú Juju Music pẹ̀lú, a ti jó wọn nílé kí wọ́n tó tún wọn ṣe fún ọjà òkè òkun.

Irú ìṣírò yìí kò lè ṣàjèjì sí ọmọ Ìdànrè. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wa tẹ̀dó sí. Ní ọdún 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí mọ́tò lè dé. Àlejò tí ó bá ti Àkúrẹ́ wọ Òdòde lónìí, tí ó rí ilé onípáànù, ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ibi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, lè rò pé ìlú tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lé díẹ̀ ni òun wọ̀. Kò lè mọ̀ bí kò ṣe pé ó gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 náà, tí ó dé ààfin àtijọ́, tí ó sì rí ibi tí àwọn Ọwá ti jọba. Ìlú ìsàlẹ̀ ni ìlú kejì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gun òkè rí ni yóò pè é ní àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwo tí à ń sọ yìí rí. Ìsàlẹ̀ ni àwọn tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní òkè òkun ti bẹ̀rẹ̀ ìṣírò tiwọn.

Kókó mìíràn tí ó yẹ kí a rántí ni pé àdàlù tí àwọn alámèyítọ́ yìn nínú àwo yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Island. Àdàlù ni wọ́n fi bí orin jùjú. Ní Èkó ni Túndé King ti fi gìtá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú kékeré da orin pọ̀, tí ó sì kọ ọ́ sínú àwo ní ọdún 1936. Àyìndé Bákàrè tẹ̀ lé e ní ọdún 1937. Ní ọdún 1948 ni Àkànbí Wright mú gángan wọ inú jùjú, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Bákàrè mú gìtá oníná wọ̀ ọ́. I. K. Dáírò, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, mú àkọ́díọ̀nù wá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní ọdún 1963. Ní agbègbè tiwa níbí, Délé Òjó ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín po háílàìfù pọ̀ mọ́ jùjú títí tí ènìyàn kò fi mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Orlando Òwò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Sunny Adé wá gba gìtá onírin ti àwọn ará Hawaii mọ́ ọn, èyí tí a ń gbé kalẹ̀, tí a sì ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Démọ́lá Adépọ̀jù ni ó ń ta á, ó sì ń mú kí ó máa ké bí ẹni tí ń dárò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni àwọn àgbà wí. Ọjà jùjú kò fi ìgbà kankan ní ọ̀nà kan ṣoṣo.

Kí ni Island wá ṣe? Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1981 ni Bob Marley kú. Ilé-iṣẹ́ yìí, tí Chris Blackwell dá sílẹ̀, ni ó gbé orin Marley kárí ayé, ó sì ń wá ẹlòmíràn láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí òkìkí rẹ̀ lè tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí Sunny Adé. Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe kòkáárí iṣẹ́ náà. Nílé, ojú kan àwo lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí ń wọ inú ara rẹ̀, tí yóò lọ bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún tàbí ogún láìdúró, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ijó ṣe ń lọ lójú agbo. Island gé e sí orin kéékèèké. Nínú Synchro System, a rí "Mo Ti Mo," "Penkele," "Maajo," "Tolongo," "E Saiye Re" àti àwọn mìíràn, tí olúkúlùkù dá dúró. Wọ́n fún dùùrù oníná ní ààyè, wọ́n sì mú ọgbọ́n tí àwọn ará Jàmáíkà ń pè ní dub wọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé ohùn kan yóò ṣàdédé dákẹ́, òmíràn yóò máa dún padà bí ìgbà tí ènìyàn bá pariwo láàárín àwọn òkè Ìdànrè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n dín oríkì kù. Orúkọ àwọn ọlọ́lá, àwọn oníṣòwò, àwọn olóyè àti àwọn aya wọn, èyí tí ó máa ń gba ibi tí ó pọ̀ nínú àwo tí a ṣe nílé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ibi jókòó sí mọ́.

Àwọn alámèyítọ́ ní London àti New York gba àwo náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ọdún 1983 kan náà ni Sunny kó ẹgbẹ́ rẹ̀, tí iye wọn tó ogún, lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn ìwé ìròyìn ńlá sì kọ nípa rẹ̀. Wọ́n yin bí àwọn gìtá ṣe ń dá ara wọn lóhùn, bí ìlù ṣe ń lé ìlù láìkọlu ara wọn, àti bí ohùn olórin náà ṣe tutù lórí ariwo tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í wé Marley. Ní ọdún 1984, wọ́n dárúkọ Synchro System mọ́ àwọn tí ń du ẹ̀bùn Grammy ní ìsọ̀rí orin ẹ̀yà àti ti ìbílẹ̀; Clifton Chenier ará Louisiana ni ó gba ẹ̀bùn náà. Kí òǹkàwé wo orúkọ ìsọ̀rí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Orin tí ó ní gìtá oníná, dùùrù oníná, gìtá Hawaii àti ọgbọ́n àwọn ará Jàmáíkà nínú, tí ilé-iṣẹ́ tí ń wá arọ́pò Bob Marley sì gbé jáde, ni wọ́n kó sábẹ́ orin ìbílẹ̀. Wọ́n yìn ín nítorí àdàlù rẹ̀, wọ́n sì fún un ní àga bí ẹni tí kò da nǹkan pọ̀ rí.

Nínú gbogbo ìyìn yìí, ọ̀rọ̀ inú orin náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni tí yóò dá sí i. Kò yani lẹ́nu. Yorùbá ni Sunny fi kọ ọ́, Yorùbá ni gángan náà sì ń sọ. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àwọn ọlọ́gbọ́n òkè òkun jó o dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n padà wá sí ilé báyìí, kí n sì sọ bí ìbéèrè tí mo mẹ́nu bà ṣe wáyé. Ní ìparí ọdún 1983, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe ìsìnkú bàbá ìyàwó rẹ̀ ní Aládé. Ọdún náà le. Ìbò gómìnà oṣù kẹjọ ti dá ìjà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé ti jó, ẹ̀mí ti ṣòfò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta kòkó, òkú àgbà kò sì ṣeé sin ní ìdákẹ́jẹ́. Wọn kò rí owó gba ẹgbẹ́ olórin, nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ giramafóònù àti gbohùngbohùn síta. Ọmọ olókùú kan tí ó ń gbé ní Èkó ni ó kó àwọn àwo dé.

Àwo ti ilé ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Bí Sunny ti ń pe orúkọ ọlọ́lá kan, àwọn obilé ń gbé ohùn sókè, wọ́n ń fi orúkọ olókùú dípò ti ọlọ́lá náà, wọ́n sì ń jó lọ síwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni olókùú. Mo mọ̀ dájú pé olórin kan kò pe orúkọ rẹ̀ sínú àwo rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a pè é.

Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ọmọ Èkó náà yọ àwo tuntun nínú páálí rẹ̀, ó fi í hàn wá, ó ní láti London ni ó ti wá. Àwa ọmọdé yọ̀. Ìró rẹ̀ mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ bọ́ sójú agbo. Àwọn àgbà náà jó díẹ̀, wọ́n sì lọ jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí ó ti ka owó sọ́wọ́, tí ó ń wo ọ̀tún wo òsì. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó ń kì?"

Mo ní, "Màmá, n kò mọ̀."

Ó gbọ́ díẹ̀ sí i. Ó mi orí, ó sì di owó rẹ̀ padà mọ́ etí ìró.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé lámèyítọ́ ni mo gbọ́ ní ọjọ́ náà. Mo ti ka oríṣiríṣi tíọ́rì lítíréṣọ̀, mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, kí n tó lóye pé ìyá yẹn ti sọ ohun tí àwọn ìwé ìròyìn òkè òkun kò rí sọ. Orin jùjú ní ẹni tí a ń kọ ọ́ sí. Olórin ń pe orúkọ, ìlù ń pe oríkì, ẹni tí a pè ń dìde, ó ń jó, ó ń náwó. Owó náà ń mú kí olórin túbọ̀ jinlẹ̀, kí ó sì wá ọ̀rọ̀ tí ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àyípo yìí ni ó ń bọ́ ẹgbẹ́ ńlá náà, òun náà ni ó sì ń tò orin wọn. Nígbà tí Island yọ orúkọ kúrò, wọ́n rò pé ohun tí kò kan àlejò ni wọ́n yọ. Ìyá yẹn rí i pé àwo náà ní ẹsẹ̀ ijó, kò ní ẹni tí a ń jó fún.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwa onímọ̀ máa ń sọ pé ìpọ́nni lásán ni orúkọ pípè inú jùjú, pé owó epo rọ̀bì ni ó bí i, pé olówó nìkan ni ó ń gbè. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí a pe orúkọ wọn sínú àwo ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, kì í ṣe gbogbo wọn ni ìwà wọn tọ́ sí orin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn obilé Aládé ṣe. Wọ́n lé ọlọ́lá kúrò lórí àga, wọ́n sì gbé àgbẹ̀ jókòó síbẹ̀. Orúkọ inú orin jùjú dàbí àga tí ẹnikẹ́ni lè jókòó lé lórí ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní ibi tí àga bá wà, a lè yí ẹni tí ó jókòó padà. Nínú àwo ti 1983, wọ́n ti gbé àga náà kúrò nínú ilé.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bú àwọn alámèyítọ́ òkè òkun. Ní ìgbà tí mo bá àwọn àwo náà pàdé, mo lọ bá bàbá kan ní Òdòde tí ó máa ń ta àwo nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ yín ṣì ń ṣiṣẹ́?" Ó ní, "Dókítà, jókòó ná. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ ni a ó wá." A rí abẹ́rẹ́. A gbọ́ àwo méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí. Nínú àwo ti Island, nítorí pé ọ̀rọ̀ dín kù, mo gbọ́ bí gìtá kan ṣe ń sọ ìdajì gbólóhùn tí òmíràn sì ń parí rẹ̀. Mo gbọ́ ibi tí gìtá onírin ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gángan. Ẹni tí ó kọ́ lítíréṣọ̀ ni mí. Láti ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní orin ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́. Àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́ ìró. Èmi tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ di etí sí ìró. Ìdajì ni olúkúlùkù mú.

Mo bi bàbá náà bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe ń mọ àwo tí ó dára. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ẹni tí ń ra àwo láìgbọ́. Wọn yóò dúró níwájú ìsọ̀, òun yóò fi í sí i, wọn yóò gbọ́ ojú kìíní. Àwọn kan á tẹ́tí sí ìlù, bóyá ohun tí ó ń sọ jinlẹ̀. Àwọn kan á tẹ́tí sí òwe, bóyá tuntun ni tàbí èyí tí a ti gbọ́ tán. Àwọn kan á fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n kì, àti bí wọ́n ṣe kì í. Wọn á jiyàn, ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nígbà mìíràn láàárín àwọn ti Sunny àti àwọn ti Ebenezer Obey, kí ẹnikẹ́ni tó mú owó jáde. Ìlù, ọ̀rọ̀, orúkọ: òṣùwọ̀n mẹ́ta nìyẹn tí ó tó kọ́ni ní yunifásítì. Iwájú ìsọ̀ bàbá yìí ni ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ti ń fi wọ́n ṣe ìdájọ́. Kò sí akọ̀wé kóòtù níbẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ẹ wo bí ìtàn ṣe parí nínú ìwé. Àwo kẹta, Aura, jáde ní ọdún 1984. Stevie Wonder fun hàmóníkà nínú rẹ̀. Kò tà bí Island ti rò, ilé-iṣẹ́ náà sì fi Sunny sílẹ̀. Ní ọdún 1983 kan náà ni ilé-iṣẹ́ Virgin ti gbé àwo Ebenezer Obey jáde ní London. Òun náà kò di Marley. Nítorí náà ni ìtàn tí a ń kà fi ń lọ báyìí: jùjú gòkè ní 1982, ó dé góńgó ní 1983, ó já lulẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ilé, kò sí ohun tí ó já lulẹ̀. Sunny ń lọ sóde àríyá, àwọn ènìyàn ń jó, ó ń gbé àwo jáde. Ní ọdún 1998 ni ó gbé Odù jáde, wọ́n sì tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ń du Grammy ní ọdún 1999. Ìtàn góńgó àti ìjábọ́ náà jẹ́ ìtàn ilé-iṣẹ́ kan àti ọjà rẹ̀. Ó di ìtàn jùjú nítorí pé òun ni ó wà lákọsílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kan ti gbìyànjú láti tún un ṣe. Afọlábí Alájá-Browne kọ iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lórí jùjú ní Yunifásítì Pittsburgh ní ọdún 1985. Christopher Waterman gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn jùjú jáde ní ọdún 1990, ó sì fi ìgbé ayé àwọn olórin àti òde àríyá ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ṣe pàtàkì, mo sì jẹ wọ́n ní gbèsè. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Bàbá tí ń ta àwo kò lè kà wọ́n. Àwa tí a ń fi Yorùbá kọ̀wé, tí a ń kọ́ni ní ewì alohùn, tí a mọ ohun tí oríkì jẹ́, ni ó yẹ kí a jókòó níwájú ìsọ̀ náà pẹ̀lú ìwé àti gègé. A kò jókòó. A ní a ń dúró kí orin náà gbó kí ó tó di ìmọ̀. Nígbà tí ó gbó tán, àwọn tí ó dá ẹjọ́ rẹ̀ ti lọ. Ìyá àgbà Aládé kú kí n tó wọ yunifásítì. Bí kò bá ṣe pé ẹ̀gbẹ́ mi ni ó jókòó sí ní ọjọ́ náà, ìdájọ́ rẹ̀ ìbá ti bá a wọ ilẹ̀.

Ohun tí mo sì ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn: mo ní kí ó dúró kí ó gbó. Àwo Àṣàkẹ́ jáde ní ọdún 2023, àwọn alámèyítọ́ ilẹ̀ òkèèrè sì ti kọ èrò tiwọn. Wọ́n dárúkọ orin kan nínú rẹ̀, "Amapiano," tí òun àti Ọlámidé jọ kọ, mọ́ àwọn tí ó du ẹ̀bùn Grammy tuntun ti orin Áfíríkà ní ọdún 2024. Ìsọ̀rí ti yí orúkọ padà, ẹni tí ó ń pín àga kò yí padà. Ní ibùdókọ̀, ní ilé onígbàjámọ̀, ní ibi ìgbéyàwó, àwọn ènìyàn wa ń jiyàn nípa orin yìí lójoojúmọ́ ní èdè Yorùbá. Kò sí akọ̀wé kóòtù níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí mo padà sí ibi iṣẹ́, mo ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì í ju mi lọ, ó ní, "Háà, sà, ẹ má wí bẹ́ẹ̀." Mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Mo fún un ní òfin mẹ́ta péré. Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìró àwo náà bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Kí ó tún un gbọ́ bí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń jó o, kí ó jókòó ti àgbà kan, kí ó sì kọ ohun tí àgbà náà bá sọ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an.

Ó béèrè ìbéèrè tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà náà. Mo sọ èyí tí mo jogún fún un: ta ni ó ń kì?

Òrùlé bàbá mi kò jò mọ́. Mo ti dá àwọn àwo padà sínú àpótí. Kí n tó pa ìdérí rẹ̀ dé, mo kọ orúkọ àgbẹ̀ Aládé sí ẹ̀yìn páálí àwo ti 1976, pẹ̀lú ọdún tí a sin ín, kí ẹni tí yóò bá ṣí i lẹ́yìn mi lè mọ̀ pé a fi orin yìí kì í rí.